Láti Clacton dé Èkó: Orúkọ tí wọ́n ń sọ ẹni tó ń gun alùpùpù

Ẹ dán an wò ní Sátidé kan. Ẹ sọ fún màmá yín pé ẹ fẹ́ ra alùpùpù. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ débì kan, ìdáhùn á ti dé: "Ọ̀kadà kẹ̀? Ṣé torí kí o lè máa gun ọ̀kadà ni mo ṣe wá bí ẹ sí London?" Bí ẹ bá ní kì í ṣe ọ̀kadà, pé Triumph ni, tàbí pé Vespa kékeré lásán ni, epo lẹ kàn dà síná yẹn. Dádì á gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á béèrè irú ẹgbẹ́ tí ẹ ń kó.

A ti gbọ́ ìdáhùn yìí lẹ́nu òbí tó pọ̀ débi pé ẹ̀rín ló ń pa wá báyìí. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Màmá ò béèrè iye tí wọ́n ń tà á, wọn ò béèrè bóyá ẹ ti ṣe ìdánwò ìwakọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni irú èèyàn tí wọ́n gbà pé ó máa ń gun alùpùpù, wọ́n sì fi ojú ẹni yẹn wò yín.

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ti ẹni tó ń gun alùpùpù tún yàtọ̀ díẹ̀: àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ló ń sọ ọ́ lórúkọ, àwọn tó ń gun irú alùpùpù mìíràn sì máa ń bá wọn gbè é. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Èkó nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ní 1964, ọ̀rọ̀ Vespa àti Triumph gba ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìròyìn, ó dé ilé ẹjọ́, ó sì dé ilé aṣòfin. A rò pé ó yẹ kí àwa tí a dàgbà níbí mọ ìtàn náà, torí ó sún mọ́ wa ju bí a ṣe rò lọ.

Oníkóòtù aláwọ àti oníṣúùtù

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ méjì ló gbajúmọ̀ nígbà náà. Àwọn Rockers ń gun alùpùpù ńlá tí wọ́n ṣe ní Britain: Triumph, BSA, Norton. Wọ́n ń wọ kóòtù aláwọ àti bàtà gíga, wọ́n ń fi ìpara dá irun wọn sẹ́yìn, wọ́n sì fẹ́ràn orin rock and roll ti ọdún 1950 sí 1959. Ibi tí wọ́n ti máa ń pàdé ni Ace Cafe, tó wà lẹ́bàá òpópónà North Circular ní àríwá ìwọ̀ oòrùn London. Ohun ìwúrí wọn ni kí alùpùpù wọn sáré dé máìlì 100 ní wákàtí kan.

Àwọn Mods ní tiwọn ń gun Vespa àti Lambretta, àwọn alùpùpù kékeré tó wá láti Ítálì. Agbọ́n ni Vespa túmọ̀ sí lédè Ítálì, ẹni tó bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ rí á mọ ìdí. Wọ́n á to dígí àti iná sí iwájú rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ṣúùtù tó ṣe rẹ́gí sí wọn lára ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á wá fi kóòtù gbọọrọ ti àwọn ológun lé e kí eruku àti epo má baà ba aṣọ jẹ́. Orin tí wọ́n ń jó ni orin soul ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àti ska ti Jàmáíkà.

Àwọn Mods ní ọ̀bùn ni àwọn Rockers, ará oko tí kò mọ̀ pé ayé ti yí. Àwọn Rockers ní ọmọ aláṣejù ni àwọn Mods, pé ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n ń gùn, pé wọ́n ń ṣe ara wọn lóge bí obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ òṣìṣẹ́ ni wọ́n, wọ́n jọ lọ sí irú ilé ẹ̀kọ́ kan náà, wọ́n jọ ń gbé irú àdúgbò kan náà. Ohun tí wọ́n fi ya ara wọn sọ́tọ̀ ni ohun tí owó oṣù wọn rà.

Òtútù Àjíǹde ní Clacton

Ní àkókò ọdún Àjíǹde 1964, àwọn ọ̀dọ́ láti London wọ́ lọ sí Clacton, ìlú kékeré kan létíkun Essex. Òtútù mú, òjò ń rọ̀, kò sí nǹkan gidi tí wọ́n lè ṣe níbẹ̀. Ìjà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ju òkúta, wọ́n fọ́ fèrèsé, wọ́n ba àwọn ahéré etíkun jẹ́, àwọn kan ń gun alùpùpù lọ sókè sódò. Àwọn ọlọ́pàá mú èèyàn 97.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni tó bá ka ìwé ìròyìn á rò pé ogun ló ja ìlú. Nígbà tí ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì fi máa dé ní oṣù Karùn-ún, ojú gbogbo èèyàn ti wà létíkun. Àwọn akọ̀ròyìn ti dúró, ọlọ́pàá ti dúró, àwọn ọ̀dọ́ náà sì dé sí Margate àti Brighton. Ìjà tún ṣẹlẹ̀. Ní Margate, adájọ́ kan fi àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá síwájú rẹ̀ wé eku tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tàn káàkiri.

Ọmọ ọdún 17 kan wà lára wọn tí wọ́n bu owó ìtanràn £75 fún. Ó dáhùn pé òun á fi ìwé sọ̀wédowó san án. Ìwé ìròyìn gbé e jáde, àwọn èèyàn sì ń mi orí: ẹ ò rí i, ọmọ olówó tó ti bàjẹ́ ni wọ́n! Nígbà tó yá ni ọmọ náà sọ pé òun ò tilẹ̀ ní àkáǹtì ní báńkì kankan. Ó kàn fi ẹnu ṣe akin níwájú adájọ́ ni. Àmọ́ ìtàn ọmọ olówó yẹn ti rìn jìnnà, òtítọ́ ò bá a mọ́.

Ohun tí Cohen rí

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti South Africa, Stanley Cohen, lọ sí àwọn etíkun yìí fúnra rẹ̀ láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀, Folk Devils and Moral Panics, jáde ní 1972, wọ́n ṣì ń kọ́ ọ ní yunifásítì títí dòní. Ẹ̀yin tí ẹ kẹ́kọ̀ọ́ sociology ní A-level lè ti bá a pàdé.

Cohen ò sọ pé ìjà ò ṣẹlẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ìjà náà ò tó bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀, ohun tí wọ́n bàjẹ́ ò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó wà níbẹ̀, ìran ni wọ́n wá wò. Púpọ̀ nínú wọn ò ní alùpùpù rárá, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin ló gbé wọn wá. Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni pé ààlà tó wà láàárín Mods àti Rockers ò le bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ìwé ìròyìn ti sọ pé ọ̀tá ara wọn ni wọ́n, tí wọ́n sì ti ṣàlàyé aṣọ tí ọ̀tá kọ̀ọ̀kan ń wọ̀, ni àwọn ọmọ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí wá ń múra bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń lọ sí ibi tí wọ́n sọ pé ìjà máa wà. Orúkọ ti di ìjánu.

Ẹnìkan wà tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ kó tó di Clacton. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, Bill Shergold, ó ń ṣiṣẹ́ ní Hackney Wick. Òun náà ń gun Triumph. Ní 1962 ó gbéra lọ sí Ace Cafe láti pe àwọn Rockers wá sí ìsìn tí wọ́n fẹ́ ṣe fún àwọn tó ń gun alùpùpù. Ẹ̀rù bà á, torí ó ti gbọ́ ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nípa wọn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n wá sí ìsìn náà, ẹgbẹ́ 59 Club tó ń bójú tó sì di ọ̀kan lára ẹgbẹ́ alùpùpù tó tóbi jù. Hackney kan náà tí àǹtí yín ń gbé ni ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀.

Àwọn tí wọ́n yọ kúrò nínú àwòrán

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, tiyín ò yàtọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ya àwòrán ẹni tó ń gun Harley, òyìnbó onírùngbọ̀n lẹ máa yà. Fíìmù Easy Rider, tó jáde ní 1969, wà lára ohun tó gbin àwòrán yẹn sọ́kàn ayé. Bẹ́ẹ̀, aláwọ̀ dúdú méjì, Clifford Vaughs àti Ben Hardy, ló wà nídìí àwọn alùpùpù tó sọ fíìmù náà di olókìkí. Orúkọ wọn ò jáde nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí ayé tó mọ̀ wọ́n. Ní Oakland, ẹgbẹ́ East Bay Dragons ti àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń gun Harley láti 1959. Nítorí náà, fífi ojú kan wo gbogbo èèyàn kì í ba orúkọ jẹ́ nìkan, ó tún lè pa orúkọ rẹ́ pátápátá.

Ọ̀kadà ńkọ́?

Àwòrán kan wà nílé ẹnìkan nínú wa. Bàbá àgbà, tíṣà ni wọ́n nígbà yẹn, dúró ti Vespa wọn pẹ̀lú ṣòkòtò funfun báláú. Ní àkókò tí Vespa jẹ́ àmì ọmọ tó yàyàkuyà ní Brighton, àmì ẹni tó kàwé ni ní ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ń pè é ní máṣíìnì, wọ́n sì ń kí ẹni tó ni ín kú oríire. Ẹsẹ̀ méjì kan náà ni, irin kan náà ni.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dẹnu kọlẹ̀ lápá ìparí àwọn ọdún 1980, alùpùpù di ohun tí èèyàn fi ń wá oúnjẹ. Àwọn ará ìlú fi Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ṣe yẹ̀yẹ́ fún un, torí ó ń fò kọjá gósílóò. Yẹ̀yẹ́ di orúkọ, orúkọ di ẹ̀sùn: ọlọ́kadà ń mu igbó, ọlọ́kadà ń jalè, ọlọ́kadà ò ní ọpọlọ.

A ò ní purọ́ pé kò sí ìdí fún ìbẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹbí tí ọ̀kadà dá lẹ́sẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2022, àwọn ọlọ́kadà kan lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa ní Lekki lórí owó ọkọ̀, kò pẹ́ sí i tí ìjọba Èkó fi òfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà. Ikú yẹn kì í ṣe àsọdùn ìwé ìròyìn. Àmọ́ àwọn tó pa á ní ojú, wọ́n sì ní orúkọ. Gbogbo ẹni tó ń gun alùpùpù kọ́ ló wà níbẹ̀.

Láàárín àwọn fúnra wọn náà, ìpín wà. Nígbà tí Gokada, ORide àti MAX dé, àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ wọ akoto àti aṣọ iléeṣẹ́, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọ̀kadà. Ọlọ́kadà àtijọ́ ní ajẹ́bọ́tà tó ń fi fóònù wá èrò ni wọ́n. Ẹni tó ń gbé ẹrù kiri, tí wọ́n ń pè ní dispatch, ní òun kì í gbé èrò. Àwọn olówó tó ń gun alùpùpù ńlá lọ́jọ́ Sunday ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Nígbà tí òfin ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2020 dé, akoto àti aṣọ iléeṣẹ́ ò gba àwọn tó wọ̀ ọ́ sílẹ̀. Òfin ò mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn àti ọlọ́kadà tí wọ́n ń sá fún. Gokada ní láti yí padà sí gbígbé ẹrù.

Níbi tí a wà yìí

Ní Britain, àwọn tó ń gun alùpùpù ńlá máa ń mi orí síra wọn bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà. Ìkíni tó dùn mọ́ni ni. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í mi orí sí ẹni tó gbé àpótí oúnjẹ sẹ́yìn alùpùpù kékeré. Ẹni yẹn lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé. Àwa náà, tí a jókòó sílé tí à ń dúró de jollof, a máa ń gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀ láì wo ojú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa tún gbé ọ̀rọ̀ alùpùpù lọ bá màmá rẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá àwọn fúnra wọn ti gun ọ̀kadà rí. Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà, gósílóò há wọn mọ́ orí afárá, wákàtí kan péré ló kù. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú dánfó, wọ́n fi fáìlì há abíyá, wọ́n gun ọ̀kadà. Ọkùnrin náà gbé wọn dé pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá nílẹ̀. Ó tilẹ̀ ní kí wọ́n fi hànkáṣífù òun nu eruku ojú wọn kí wọ́n tó wọlé.

"Kí lorúkọ ọkùnrin náà?"

Màmá ronú títí. "Èmi ò mọ̀ o. Ọlọ́kadà ni mo ń pè é."

Wọn ò sì tíì gbà kó ra alùpùpù náà.