Ẹ̀tọ́ Ìgbèjà Ara Ẹni àti Ìbọn Tí Kò Ní Ìwé Àṣẹ

Ìbéèrè kan wà tí ó ti kún etí mi ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ níbí, bẹ̀rẹ̀ láti Òkìtìpupa títí dé Igbótako àti Òde-Ìrèlè. Bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, ẹnìkan yóò fà mí sẹ́yìn, yóò rẹ ohùn sílẹ̀, yóò wí pé: "Àlùfáà, ǹjẹ́ ó tọ́ kí èmi náà wá ìbọn kan fi pamọ́?" Àgbẹ̀ tí oko ọ̀pẹ rẹ̀ jìnnà sí ìlú ń béèrè. Ẹni tí ń kó gàrí àti púpurú gba ọ̀nà Òrè kọjá ń béèrè pẹ̀lú.

N kò jẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí ẹ̀rù tí ń bà wọ́n ní ìdí. Ní ọjọ́ 5 oṣù June, ọdún 2022, nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí kan náà, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ti St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa àwọn olùjọ́sìn tí ó tó 40. Ọ̀fọ̀ náà kan Mùsùlùmí bí ó ti kan Kìrìsìtẹ́nì. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wí pé kí olúkúlùkù gbé ìbọn tirẹ̀.

Ìdáhùn mi nìyí: Ọlọ́run fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gbèjà ẹ̀mí rẹ̀, òfin ilẹ̀ wa náà sì fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ẹ̀tọ́ ìgbèjà, ọ̀tọ̀ ni àṣẹ láti ní ìbọn. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ olè, kí ó sì bọ́ sí ọwọ́ wọ́dà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé òfin yẹ̀ wò. Láti ọdún 1959, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ni òfin tí ó de ìbọn ti wà, òun náà ni a sì ń lò títí di òní. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín ìbọn sí. Èkínní ni èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú: ìbọn ológun, ìbọn ìléwọ́, àti pump-action tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Ààrẹ nìkan ni ó lè fọwọ́ sí irú èyí. Èkejì ni ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí a fi ń ṣọdẹ. Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni ó ni àṣẹ lórí ìwé rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń lò. Ọ̀pọ̀ rò pé èyí kò nílò ìwé nítorí pé ohun àwọn baba wa ni. Irọ́ ni. Òun náà ní ìwé ìyọ̀ǹda tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba.

Òfin náà sọ àwọn tí a kò gbọdọ̀ fún ní ìwé: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Kí ni ìyà ẹni tí a bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìní ìwé? Òfin tí ó de ìdigunjalè sọ pé yóò san ₦20,000, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì. Ẹ kíyè sí i pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má jalè rí, ó sì lè má yìn ín rí. Níní in nìkan ti tó. Ìbọn tí ó wà ní àjà lókè wà ní ìkáwọ́ onílé bí èyí tí ó gbé kọ́ èjìká. Ẹni tí ó jogún ṣakabùlà baba rẹ̀ kò jogún ìwé baba rẹ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di egbò ni èyí. Ká ní olè já wọ ilé ẹnìkan ní òru pẹ̀lú àdá, onílé yìnbọn, olè kú. Ilé ẹjọ́ lè gbà pé ìgbèjà ara ẹni ni, kí wọ́n sì dá a sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ṣùgbọ́n wọn yóò tún béèrè pé: "Ìwé ìbọn rẹ dà?" Bí kò bá rí i mú jáde, ẹ̀wọ̀n ìbọn ṣì ń dúró dè é.

Ìgbèjà náà sì ní òṣùwọ̀n. Òfin ọ̀daràn wa, ní abala 286, gba ènìyàn láyè láti lo agbára tí ó tó láti dá ọwọ́ olùkọlù dúró. Bí ó bá ní ìdí láti bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá, agbára náà lè yọrí sí ikú olùkọlù pàápàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewu bá ti kọjá, àyè náà ti pa dé. Àgbẹ̀ kan ní Ìpínlẹ̀ Adamawa jà pẹ̀lú darandaran kan ní ọdún 2015, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi gún un pa. Ìbọn kò sí níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ dá ikú fún un ní ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù March, ọdún 2025. Ohun tí wọ́n wò ni pé ọ̀bẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọlù ú kí ó tó gún un. Gómìnà ni ó foríjì í ní ìparí ọdún náà, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ ní àtìmọ́lé.

Kí ni ẹ̀sìn wa wí? Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, kọ́ wa pé ẹni tí a pa níbi tí ó ti ń dáàbò bo ohun ìní rẹ̀ kú ikú ajẹ́rìíkú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin kan béèrè ohun tí òun yóò ṣe sí ẹni tí ó fẹ́ gba ohun ìní òun, àtẹ̀gùn ni ó fi lé e lọ́wọ́: kí ó fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kí ó ké pe àwọn Mùsùlùmí tí ó yí i ká, kí ó ké pe ìjọba, bí ìjọba bá jìnnà, nígbà náà ni kí ó jà. Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù náà sọ pé ohun tí ó rọrùn jùlọ ni kí a kọ́kọ́ fi lé olùkọlù. Bí ariwo bá lé e, kí a má ṣe lù ú. Bí igi bá tó, kí a má ṣe lo irin. Súrà kejì, áyà 190, sì kìlọ̀ fún àwọn tí ń bá ọ̀tá jà kí wọ́n má ṣe kọjá ààlà.

Ànábì pàṣẹ pẹ̀lú pé ẹni tí ó bá mú ọfà kọjá nínú mọ́ṣáláṣí tàbí ọjà gbọdọ̀ di ẹnu rẹ̀ mú, kí ó má baà ṣe ẹnikẹ́ni lọ́ṣẹ́. Bí ọfà bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí a wí nípa ìbọn tí ó ní ọta lẹ́nu? Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bá.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìbọn ọdẹ, kí ó lọ gba ìwé kí ó tó rà á. Ẹni tí ó ní èyí tí kò ní ìwé, kí ó wá agbẹjọ́rò tí yóò bá a gbé ọ̀rọ̀ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n tó wá ká a mọ́ ọn nílé. Kí a má ṣe dá nìkan lọ sí oko tí ó jìnnà. Kí a ní nọ́ńbà ọlọ́pàá àti ti Àmọ̀tẹ́kùn, tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa fi òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2020, lọ́wọ́ nígbà gbogbo. Kí àwa àti àwọn aládùúgbò wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, jùmọ̀ máa ṣọ́ àdúgbò, nítorí ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Kí Ọlọ́run Ọba dáàbò bo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ kí a ríjà olè, kí ó má sì jẹ́ kí a ríjà òfin. Àmín.