Okùn, Ọ̀pẹ àti Ìròyìn: Òwúrọ̀ Kan ní Ilé Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Kíláàsì karùn-ún ti wà nínú ọgbà kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Wọn ò mú ìwé dání. Okùn gígùn kan ni wọ́n kó wá, pẹ̀lú ike omi mẹ́fà tí wọ́n bu yanrìn sí, igi mẹ́ta àti ṣọ́ọ̀kì. Olùkọ́ wọn ti so aṣọ pupa mọ́ okùn náà ní mítà kọ̀ọ̀kan, torí téèpù tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò sí nílé ìwé. "Ta ló mọ bí ojú ọ̀nà tí Tobi sá ṣe rí?" ló bi wọ́n. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè.

Ní ìlú yìí, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé Tobi wo. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Tobi Amusan sí ní 1997. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá eré mítà 100 tí wọ́n fi ń fo igi ìdènà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Kò sí obìnrin tó sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kéré gan-an nígbà náà, àmọ́ ẹ̀dà ìtàn náà tí oníkálukú gbọ́ nílé ló ń jà fún.

Olùkọ́ kò dá sí ìjà. "Igi ìdènà mẹ́wàá ni wọ́n ń fò," ó wí. "Láti ibi tí wọ́n ti ń gbéra dé igi àkọ́kọ́ jẹ́ mítà 13. Láti igi kan sí èkejì jẹ́ mítà mẹ́jọ ààbọ̀. Mítà mélòó ló wá kù láti igi tó kẹ́yìn dé òpin?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì ṣe ìṣirò lórí sìmẹ́ńtì. Ọmọkùnrin kan ló kọ́kọ́ pariwo: "Mítà méjì ni, mà!" Ó ti sọ mẹ́jọ ààbọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá, ó fi 13 kún un, ó rí 98. Olùkọ́ kò sọ pé ó gbà á, kò sì sọ pé ó kùnà. Ó pe ọmọ mẹ́wàá jáde, ó tò wọ́n sórí ìlà kan, ó ní kí ọmọkùnrin náà máa gba àárín wọn kọjá, kó máa ka àlàfo. Ó kà á dé mẹ́sàn-án, ló bá dúró. Ó bojú wẹ̀yìn, ó tún un kà. "Àlàfo mẹ́sàn-án péré ni, mà." Ìlọ́po mẹ́sàn-án mẹ́jọ ààbọ̀ jẹ́ 76.5. Tí a bá fi 13 kún un, ó di 89.5. Mítà mẹ́wàá ààbọ̀ ló kù.

Ìṣirò òpó ọgbà tó wà nínú ìwé wọn nìyẹn gan-an, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń há sórí láìmọ ìdí tí àlàfo fi ń fi ẹyọ kan dín sí òpó. Òní, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ọgbà náà kò gba mítà 100, nítorí náà igi mẹ́ta ni wọ́n gbé kalẹ̀ sórí ike, ní mítà 13, 21.5 àti 30. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni àwọn tó mọṣẹ́ ń gbé láàárín igi méjì. Ọmọbìnrin tó yára jù ní kíláàsì gbé méje. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ mí lára jù ni ti ìdá ìṣẹ́jú-àáyá. Kendra Harrison ará Amẹ́ríkà ló ni àkọsílẹ̀ àgbáyé tẹ́lẹ̀, 12.20, láti 2016. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Tobi jẹ́ 0.08. Ojú ọmọ kò lè rí 0.08. Olùkọ́ ní kí wọ́n pín mítà 100 sí 12.20, kí wọ́n mọ iye mítà tí Harrison ń sá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí wọ́n wá fi 0.08 sọ ọ́ di púpọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ntímítà 66. Wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n, wọ́n fa ìlà méjì sílẹ̀. Ọmọ kan dúró sórí ìlà kan, ìkejì dúró sórí ìkejì. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wò ó. Àlàfo tí àpò ìwé kan lè dí ni àyè tó wà láàárín ẹni tó ni àkọsílẹ̀ àti ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀.

"Ẹ tún gbọ́ o," olùkọ́ wí. "Ní àṣekágbá, ọjọ́ kan náà, ó sá 12.06. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ bí àkọsílẹ̀ àgbáyé." Ariwo ta. "Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, mà!" Ó ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ tó ń ti sárésáré láti ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ju mítà méjì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tọjọ́ náà jẹ́ méjì ààbọ̀. Góòlù di tirẹ̀, àmọ́ 12.12 ni ìwé gbà. Ṣé ìdájọ́ náà tọ́? Ó ní kí wọ́n lọ kọ ojú ìwé kan lé e lórí, kí ẹni tó bá ní kò tọ́ sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún àwọn tí afẹ́fẹ́ kò tì rí.

Lábẹ́ ọ̀pẹ

Kíláàsì kẹta wà lẹ́yìn ilé, níbi tí ọ̀pẹ méjì ti ń dá gbé ọ̀pọ̀ ìtẹ́ ẹ̀gà. Ariwo àwọn ẹyẹ náà ju ti àwọn ọmọ lọ. Òfin mẹ́ta ni olùkọ́ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, fi lélẹ̀: a ò sọ òkò, a ò gun ọ̀pẹ, ẹni tó bá rí nǹkan ni kó kọ ọ́.

Àwòrán ìtẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n ka ìtẹ́ tútù sọ́tọ̀, kí wọ́n ka èyí tó ti gbẹ sọ́tọ̀. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ọmọ kan ní ìtẹ́ tútù jẹ́ tuntun, torí imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi hun ún kò tíì gbẹ. Ta ló ń hun ún? Wọ́n ní ìyá ẹyẹ ni. "Ẹ wò ó dáadáa." Wọ́n wò ó títí. Èyí tí orí rẹ̀ dúdú, tí ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, tí ojú rẹ̀ pọ́n, ló ń fa imọ̀ ya, òun ló ń hun. Akọ ni. Abo, tí àwọ̀ rẹ̀ kò tàn tó bẹ́ẹ̀, á wá yẹ ilé náà wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kọ̀ ọ́, akọ a sì tú u palẹ̀, a tún òmíràn hun. Àwọn ọmọbìnrin pàtẹ́wọ́.

Ọmọ kan kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní olè ni ẹ̀gà, ó ń jẹ ìrẹsì ìyá àgbà òun lóko. Òmíràn ní ó tún ń ba ọ̀pẹ jẹ́, ẹ wo bí imọ̀ ṣe ṣẹ́ kù bí ìgbálẹ̀. Olùkọ́ kò gbèjà ẹyẹ. Ó pín pátákó sí méjì, ó kọ ẹ̀sùn sí apá kan, ó kọ ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí sí apá kejì. Ẹ̀sùn ọ̀pẹ sọdá sí apá kejì lójú ẹsẹ̀, torí ẹ̀rí wà lókè orí wọn. Ti ìrẹsì dúró síbi tó wà, títí ẹni tó sọ ọ́ á fi mú iye ẹyẹ tó kà lóko wá.

Kí wọ́n tó wọlé, lékelèké mẹ́ta fò kọjá. Àwọn ọmọ na èékánná sókè, wọ́n ń kọrin sí i kó fún wọn ní funfun, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe. Olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ parí, ló wá ní kí wọ́n kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà ògiri. Ẹ̀ẹ̀rùn ni lékelèké ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí òjò bá dé ọ̀pọ̀ wọn a padà sí òkè ọya. Tí kàlẹ́ńdà náà bá pé ọdún kan, àwọn ọmọ á ti fọwọ́ ara wọn kọ ìrìn-àjò ẹyẹ. Ó wá fi ìka tọ máàpù láti Áfíríkà kọjá òkun dé Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni lékelèké fi ìyẹ́ ara rẹ̀ débẹ̀.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ní kíláàsì kẹfà, ìlà gígùn kan wà lára ògiri, láti 1960 dé 2025. Ìjọba Awùjalẹ̀ Sikiru Adétọ̀nà nìyẹn, tó gorí ìtẹ́ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, tó sì wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2025. Àwọn ọmọ ti kọ orúkọ gbogbo olórí orílẹ̀-èdè tó jẹ lójú ayé rẹ̀ sí abẹ́ ìlà náà. Ìròyìn ikú kan ló di ẹ̀kọ́ ìtàn ọdún 65.

Ìròyìn tòní kan àwọn fúnra wọn. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ó ní agbègbè tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò.

Olùkọ́ kọ ìbéèrè mẹ́ta sójú pátákó: Kí ni wọ́n sọ? Ta ló sọ ọ́? Kí ni ẹ̀rí? Ó wá fi ìròyìn àtijọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Fáfúnwá náà sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà tó yá.

Mínísítà méjì, ọ̀rọ̀ méjì. Kíláàsì pín sí méjì. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn ló béèrè ohun tó pa ariwo: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn tó fìdí rẹmi yẹn, ṣé èdè abínibí ni wọ́n fi kọ́ wọn lóòótọ́?" Olùkọ́ kò dáhùn. Ó kọ ìbéèrè náà sí abẹ́ ẹ̀rí, ó fa ìlà sí i nídìí.

Ọ̀gá ilé ìwé sọ fún mi pé àwọn kan ń ráhùn pé eré ni wọ́n ń ṣe, pé síléébọ́ọ̀sì kò ní parí. Ó fi ìwé ètò iṣẹ́ hàn mí: ìsọdipúpọ̀ ìdá, ohun ẹlẹ́mìí, ojúṣe ọmọ ìlú. Gbogbo rẹ̀ ló ti bọ́ sínú òwúrọ̀ yìí. Ó gbà pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ló gba èyí, pé ọmọ ṣì gbọ́dọ̀ jókòó ka tábìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gba owó púpọ̀. Ọmọ ló mú àríyànjiyàn wá láti ìta, olùkọ́ mú ohun tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rọ̀ wá: okùn, iye, ìbéèrè. Olùkọ́ tó bá yára dáhùn ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọmọ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá kíláàsì kẹfà ni pé kí oníkálukú béèrè lọ́wọ́ àgbà mẹ́ta nílé èdè tí wọ́n fi kọ́ wọn ní kíláàsì kìn-ín-ní, àti bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà yé wọn. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n á kà á.