Alùpùpù àtijọ́, ọ̀nà jíjìn: Ibi tó yẹ kí owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn ún kọ́kọ́ lọ

Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Kunle Adeyanju gun alùpùpù rẹ̀ wọ ìlú Èkó, lẹ́yìn ọjọ́ 41 tó ti gbéra ní London. Owó ló ń wá fún ìgbógunti àrùn rọpárọsẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 2015, Jeminat Olumegbon ti gun tiẹ̀ káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nítorí àwọn ọmọ aláìlóbìí. Lọ́dún 2024, Ebaide Udoh gun tiẹ̀ láti Mombasa ní Kẹ́ńyà dé Èkó, òun nìkan.

Bí èèyàn bá gbọ́ irú ìròyìn báyìí, ìrìn àjò orí alùpùpù á bẹ̀rẹ̀ sí í wù ú. Àmọ́ owó alùpùpù ńlá tuntun kì í ṣe owó kékeré. Ohun tó kù fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Surulere, Yaba àti Mushin ni kí wọ́n wá ògbólógbòó kan rà, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ṣé irú rẹ̀ lè rìn jìnnà? Ó lè rìn jìnnà dáadáa, bí owó àkọ́kọ́ bá lọ síbi tó yẹ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ọ̀dà tuntun, báàgì àti iná aláràbarà ni wọ́n á kọ́kọ́ rà, táyà tó ti gbó á ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Òfin ló ṣáájú. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Surulere wà lára wọn, Lagos Mainland tí Yaba wà nínú rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n fi Mushin àti ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta mìíràn kún un. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí wọ́n gbà nígbà náà, ẹ̀rọ ni wọ́n fi rún wọn wómúwómú.

Lóòótọ́, ọ̀kadà akérò ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ń gun tiẹ̀ lọ sí ìrìn àjò. Òfin ìrìnnà ọdún 2012 pàápàá yọ alùpùpù àwọn tó ń gbé ẹrù kiri fún oníbàárà sílẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá jẹ́ 200cc sókè. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó dúró sí Ojúẹlẹ́gba ò lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó gun 125cc kọjá níwájú rẹ̀. Ọ̀kadà lásán ló máa jọ lójú tiẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra kékeré, kó kọ́kọ́ lọ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà, kó sì yéé gbé èrò sẹ́yìn.

Ìwé ló kàn. Nọ́ńbà wà lára ẹ́ńjìnnì, òmíràn wà lára férémù. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà nínú ìwé mu. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha á, kó fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, torí wọ́n lè dá a dúró lọ́nà pé ó gun ohun olè. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fún alùpùpù náà wà lọ́tọ̀. Class A ni wọ́n ń pè é, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ò lè dípò rẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré àtijọ́ náà ní iyì tirẹ̀. Honda CG125 tó jáde láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n dìídì ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ibi tí ìtọ́jú kì í ti í bọ́ sákòókò ni. Honda tiẹ̀ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́dún 1979. Bí irú rẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, kò sí ìlú tí wọn ò ti ní mọ̀ ọ́n tún ṣe, títí dé Kútọnu, níbi tí àwọn zémidjan aláṣọ yẹ́lò ti ń gun alùpùpù kékeré lọ bí eéṣú.

Táyà, bíréèkì, ṣéènì

Táyà ló yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ bá. Ó lè dúdú, kí ilà ara rẹ̀ sì jìn, síbẹ̀ kó ti gbó. Ọjọ́ orí rẹ̀ wà lára rẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi DOT bẹ̀rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún. Bó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà irú táyà bẹ́ẹ̀ ti le gbagidi. Bí òjò bá rọ̀ sórí títì, kò ní di ilẹ̀ mú. Táyà tòkunbọ̀ ò sì yẹ ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì rárá. Ọkọ̀ tí táyà kan bẹ́ lára rẹ̀ ṣì ní mẹ́ta tó lè dúró lé. Alùpùpù ò ní.

Kó ra túùbù tuntun pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ṣì wà nílẹ̀, kó fi ìka yí bẹ́ríìnì àárín rẹ̀ wò. Bó bá ń há tàbí tó ń rin bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, kó pààrọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà wà lára bẹ́ríìnì; nọ́ńbà yẹn ni kó mú lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. Kó mú ògbólógbòó náà dání pẹ̀lú, torí ẹnu lásán máa ń ra nǹkan tí kò bára mu.

Bíréèkì tó ń lo omi, kó da omi àtijọ́ nù. Omi bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bó bá sì gbóná gan-an, ó lè hó, ọwọ́ á kàn rì ni, alùpùpù ò ní dúró. Ní ti ṣéènì, eyín irin tó ń fà á ni kó wò. Bí eyín náà bá ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, kó pààrọ̀ ti iwájú, ti ẹ̀yìn àti ṣéènì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti jẹ, owó tó wọgbó nìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Bó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kó má jẹ́ kí wọ́n tú u. Àwọn mẹkáníìkì kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí ẹ́ńjìnnì, títú ló ń ṣe wọ́n. Kó pààrọ̀ ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti fílítà afẹ́fẹ́, kí wọ́n fọ kabúrétọ̀, kó sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú táńkì bóyá ó ti dípẹtà. Ohun tó lè mú kí wọ́n tú u ni èéfín tó jọ búlúù tí kò dáwọ́ dúró. Ọ́ìlì ló ń jóná nínú rẹ̀ yẹn, ó sì lè tán sójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ìrìn kékeré ṣáájú ńlá

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn ún náà nílò àyẹ̀wò bíi ti ẹ̀rọ rẹ̀. Kó kọ́kọ́ gùn ún ládùúgbò láàárọ̀ ọjọ́ Sunday tí títì dá, pẹ̀lú akoto tó ba orí rẹ̀ mu, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, Abẹ́òkúta ni kó lọ, nǹkan bí kìlómítà 100, kó sì padà lójúmọmọ. Marosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò yẹ ẹni tuntun: afẹ́fẹ́ tírélà tó bá sáré kọjá lè ti alùpùpù kékeré kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ẹrù tó wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń gbé, nítòsí ẹni tó ń gùn ún. Bó bá jókòó sẹ́yìn pátápátá, iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ á máa mì.

Bó bá délé láti Abẹ́òkúta, kó mú sípánà, kó fọwọ́ kan gbogbo nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, torí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì máa ń tú wọn. Èyí tó bá dẹ̀ ni kó tún dè, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì kan náà bá tún dẹ̀ nígbà kejì, ibẹ̀ ní ohun tó ń ṣe é, kó wá a rí kó tó ronú Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá ẹnubodè náà, kó gba Brown Card ti ECOWAS, ètò adójútòfò tí àwọn orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí lọ́dún 1982, tó ń gbà èèyàn sílẹ̀ bó bá ṣe ẹlòmíràn léṣe nílẹ̀ òkèèrè. Nínú àpò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí túùbù kan, púlọ́ọ̀gì kan, kébù ìdimú kan, ọ́ìlì lítà kan àti fáǹfù afẹ́fẹ́ wà.