Tẹ́níìsì: Eegun ọmọdé kì í ṣe irin

Lóṣù Kẹrin, nígbà tí òòrùn bá mú gan-an ní Gwagwarwa, àdúgbò tó múlé gbe Sabon Gari nílùú Kano, ooru a máa sún mọ́ ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òbí tó bá ń kó ọmọ rẹ̀ lọ sí pápá tẹ́níìsì nírú àkókò bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìrètí pé yóò di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ní láti mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó dúró lódìkejì àwọ̀n nìkan ni ọmọ náà ń bá figagbága. Ara rẹ̀ tí kò tíì gbó náà ń jà.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù lọ ni ti Nduka Odizor, tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1958. Robert Wren, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ló kíyè sí ẹ̀bùn rẹ̀, tó sì ràn án lọ́wọ́ láti dé Amẹ́ríkà. Owó kọ́ ló kọ́kọ́ sáré tẹ̀ lé níbẹ̀. Yunifásítì Houston ló wọ̀, ó ń kàwé, ó sì ń gbá tẹ́níìsì fún ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó ti pé ọmọ ọdún 24 nígbà tó pàdé Guillermo Vilas, ọmọ Argentina tí wọ́n fi sípò kẹrin, ní ìpele kìn-ín-ní ìdíje Wimbledon ọdún 1983. Vilas gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn ì bá ti túúbá, ṣùgbọ́n Odizor gba mẹ́ta tó kù, ó sì rìn ín dé ìpele kẹrin. Lọ́dún yẹn kan náà ló gba ife ẹ̀yẹ ní Taipei.

Sẹ́ẹ̀tì márùn-ún kì í ṣe eré ọmọdé. Ọkàn àti iṣan tó lè fara dà á, ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń tọ́ wọn.

Àwọn tó tètè gòkè rí ìdààmú. Ọmọ ọdún 16 ni Tracy Austin nígbà tó gba US Open lọ́dún 1979, àmọ́ ìrora ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò lórí pápá kó tó pé ọdún 22. Jennifer Capriati bẹ̀rẹ̀ eré olówó lóṣù Kẹta ọdún 1990, nígbà tó ku díẹ̀ kó pé 14. Ó gba góòlù Olympics ní 1992. Lẹ́yìn ọdún kan, ó pa eré náà tì. Ọdún 2001 ló tó gba ìdíje ńlá Australia. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí WTA, àjọ tẹ́níìsì àwọn obìnrin, fi gbèdéke sí iye ìdíje tí àwọn ọmọdé lè kópa nínú rẹ̀.

Ìdí abájọ kò ṣòro. Ìkángun eegun ọmọdé, níbi tó ti ń gùn sí i, rọ̀ ju ti àgbà lọ. Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ ayò, á tẹ ẹ̀yìn, á lọ́ ìbàdí, á sì fi gbogbo agbára èjìká lù ú. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójoojúmọ́ láìsinmi, eegun ẹ̀yìn lè sán. Ọmọ tó bá ń ráhùn ẹ̀yìn dídùn kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn dókítà gbà á nímọ̀ràn pé kí wákàtí tí ọmọ fi ń kọ́ eré kan lọ́sẹ̀ má ju iye ọjọ́ orí rẹ̀ lọ: wákàtí 10 fún ọmọ ọdún 10. Kó sì sinmi ó kéré tán ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀.

Ní ti ooru, òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló yẹ, kí ọmọ sì máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Bí òòyì bá kọ́ ọ, tó ń bì, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Ó yẹ kí òbí mọ irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ pẹ̀lú. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní AS. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣeré láìséwu, ṣùgbọ́n bí ooru, àìtó omi àti iṣẹ́ agbára bá pàdé, ó lè da ẹlòmíràn wó lójijì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọ́pọ̀. Ọmọ tó ní SS kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìgba àṣẹ dókítà.

Àwọn òbí kan máa ń bẹ̀rù pé bí ọmọ kò bá tíì gbajúmọ̀ ní 16, ó ti pẹ́ jù. Odizor ti pé ọdún 30 nígbà tí òun àti Tony Mmoh lọ ṣojú Nàìjíríà níbi Olympics Seoul lọ́dún 1988.