Kí Ló Dé Tí Gbogbo Ènìyàn Ń Wọ́ Lọ Sí Òrè?

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ìjọ, pàápàá àwọn tí wọ́n ń gbé ní àwọn abúlé ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, ti ń bi wá ní ìbéèrè kan náà: kí ló dé tí gbogbo ènìyàn ń wọ́ lọ sí Òrè? Ilẹ̀ tí a ń gbin ẹ̀gẹ́ sí nígbà kan ti di ilé alájà. Àwọn ọ̀dọ́ wa kò fẹ́ dúró lóko mọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń bèèrè bóyá kí àwọn ta oko kòkó bàbá wọn, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá oríta.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí ẹni tó bá ta ilẹ̀ rẹ̀ lónìí lè má rí i rà padà títí ayé. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣe àlàyé ohun tó sọ Òrè di ìlú ńlá, ohun tí iṣẹ́ ìkọ́lé tó ń lọ ní àárín ìlú náà mú wá, àti ohun tó yẹ kí olúkúlùkù wa ṣọ́ra fún. Èrò wa ni pé ọ̀nà ló bí Òrè, ọ̀nà náà ló sì ń bọ́ ọ títí di òní. Ṣùgbọ́n ìlú tó bá gbójú lé ọ̀nà nìkan, ọjọ́ tí ọ̀nà bá yà síbòmíràn ni ọjà rẹ̀ yóò tú.

Oríta ló kó ènìyàn jọ

Bí ènìyàn bá dúró ní àárín Òrè, tó sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù àti Èkó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Òfosù àti ìlú Bìní wà, ibẹ̀ ni a sì ń gbà dé Àsàbà àti ilẹ̀ Ìgbò. Lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ọ̀nà Oǹdó àti Àkúrẹ́ wà. Lọ́wọ́ òsì ni ọ̀nà Òkìtìpupa wà, èyí tó ń lọ sí ìhà Ìgbókòdá àti etí òkun. Ìlú tí ọ̀nà mẹ́rin bá pàdé nínú rẹ̀ báyìí kò ní ṣàìrí àlejò.

Ọ̀pọ̀ ìlú ló wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n fi ọjọ́ orí àti ìtàn ju Òrè lọ. Òdìgbó gan-an, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọba ìbílẹ̀ náà, kò jìnnà sí i, síbẹ̀ Òrè ni a fi ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní ọdún 2006, àwọn tí wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó jẹ́ 230,351. Òrè kò rí èrò kó jọ nípa ààfin tàbí nípa ọjà àtijọ́ bí ti àwọn ìlú mìíràn. Oríta ló kó wọn jọ.

Ẹ tún wo bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Láti Èkó dé Bìní tó nǹkan bí kìlómítà 300, Òrè sì wà ní agbedeméjì. Awakọ̀ tó bá kúrò ní Èkó ní ìdájí, ebi yóò ti máa pa á bó bá fi dé ibẹ̀. Èrò yóò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀, ọkọ̀ yóò fẹ́ mu omi, táyà lè jò. Nínú àìní kéékèèké wọ̀nyí ni iṣẹ́ ti jáde fún alásè, fún vọ́kànáísà, fún mẹkáníìkì, fún ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, búrẹ́dì àti ẹran ìgbẹ́. Alásè fẹ́ ilé tí yóò máa gbé, mẹkáníìkì fẹ́ ilé ìwé fún ọmọ rẹ̀, gbogbo wọn sì fẹ́ ilé ìjọsìn. Díẹ̀díẹ̀ ni oríta fi di ìlú.

Ohun tí ọdún 1967 fi hàn

Àwọn àgbàlagbà wa máa ń sọ pé, "Ó le kú, ìjà Òrè." Kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfúrà kọjá odò Ọya wọ ìpínlẹ̀ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì gba ìlú Bìní ní ọjọ́ náà gan-an. Victor Banjo, tí í ṣe ọmọ Yorùbá, ni ọ̀gágun wọn. Wọ́n forí lé ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì dé Òrè. Ibẹ̀ ni ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró, tí ìjà náà sì gbóná gan-an. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti gba Bìní padà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Òrè? Ìdí tí awakọ̀ fi ń dúró níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ogun fi dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá di oríta náà mú ló di ẹnu ọ̀nà Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ mú. Ohun tí ọ̀gágun rí lórí àwòrán ilẹ̀ nígbà náà ni oníṣòwò ń rí lónìí.

Èrè tó wá láti inú ìnira

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọ̀nà yìí kò fìgbà gbogbo dára. Ní nǹkan bí ọdún 2005 títí kọjá 2010, ó bàjẹ́ débi pé àwọn èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlà-oòrùn máa ń sùn sójú ọ̀nà, pàápàá nígbà ọdún Kérésìmesì. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé rì sínú ẹrẹ̀, àwọn ọkọ̀ kéékèèké sì ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gba inú igbó. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀nà náà fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ní apá-apá láti Bìní dé Ṣágámù.

Ṣé a lè sọ òtítọ́ fún ara wa? Nígbà tí ọ̀nà bàjẹ́, àwọn kan nínú ìlú jèrè. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè lọ yóò ra oúnjẹ, yóò sì sanwó ibùsùn. Ìnira àlejò di èrè onílé. Irú èrè bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́, kò sì yẹ kí ìlú máa gbàdúrà fún un. Nígbà tí ọ̀nà dára, ọkọ̀ kò pẹ́ lórí ìrìn mọ́, àwọn tí wọ́n gbójú lé ìdúró tipátipá sì rí i pé owó ń dín kù.

Ilẹ̀ náà ní ọrọ̀ nínú

Yàtọ̀ sí ọ̀nà, ilẹ̀ tó yí Òrè ká jẹ́ ilẹ̀ igbó tó lọ́ràá. Kòkó, ọ̀pẹ, rọ́bà àti ẹ̀gẹ́ ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Igbó ọba Olúwa wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà, ìgbà pípẹ́ sì ni a ti ń gé gẹdú nínú àwọn igbó agbègbè náà. Àwọn tó ń la pákó ń rí iṣẹ́ ṣe, ọkọ̀ sì ń kó pákó náà lọ sí Èkó. Ní Àgbàbù, ọ̀dà wà nínú ilẹ̀. Àwọn òyìnbó ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti ń wa ilẹ̀ ibẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1908. Ní àkókò ìjọba Gómìnà Rotimi Akeredolu, tó wà lórí oyè láti 2017 títí di ìgbà tó kú ní oṣù kejìlá 2023, a dá ibùdó ilé-iṣẹ́ ńláńlá sílẹ̀ ní agbègbè Òrè pẹ̀lú àwọn oníṣòwò láti ìlú Linyi ní Ṣáínà.

Ọrọ̀ yìí ni ó yẹ kí ó gbé Òrè dúró lẹ́yìn ọ̀la. Èrò ọkọ̀ ń kọjá lọ ni. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti àgbẹ̀ ló ń dúró. Bí a bá pa igbó run tán, tí a sì ta gbogbo oko fún ilé, ọwọ́ ara wa la fi gé ẹsẹ̀ kejì tí ìlú náà fi ń rìn.

Afárá tó wà ní àárín ìlú

Ní àkókò ìjọba Akeredolu kan náà ni a kọ́ afárá ńlá sí oríta Òrè. Kí a tó kọ́ ọ, ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Bìní àti ọkọ̀ tó ń ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa ń pàdé ní ojú kan náà. Ìdúró pọ̀, ariwo pọ̀, ewu sì pọ̀ jù méjèèjì lọ. Ọkọ̀ àjàgbé tí bíréèkì rẹ̀ bá já ní irú ibẹ̀, àárín ọjà àti àárín èrò ni yóò gbà. Afárá ya àwọn ọ̀nà náà sọ́tọ̀: àwọn kan ń gba òkè, àwọn kan ń gba ìsàlẹ̀, ẹni tó ń sáré lọ kò sì ní láti dúró de ẹni tó ń dábùú ọ̀nà. Ẹ̀mí ènìyàn ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà là, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò dúró kò ra nǹkan. Ìyá kan wà nínú ìjọ wa tó ti ń se ìrẹsì àti ẹ̀bà fún àwọn awakọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí iṣẹ́ ìkọ́lé dé, wọ́n ní kí ó kó àga àti ìkòkò rẹ̀ kúrò. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀; kò pẹ́ tí wọ́n tún ní kí ó sún sí i. Ó sunkún sí wa lọ́rùn pé ayé òun ti bàjẹ́. Níkẹyìn, ó gba àyè kékeré lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń la pákó, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun lójoojúmọ́. Nígbà tí a tún rí i, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, àwọn tí mò ń bọ́ tẹ́lẹ̀, n kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Àwọn ti ìsinsìnyí, bí ọ̀kan kò bá wá lónìí, mo ń ránṣẹ́ wò ó." Èrè ojúmọ́ rẹ̀ kéré sí ti àtijọ́ ní ìgbà ọdún, ṣùgbọ́n kì í gbẹ.

Ohun tí òfin sọ

Ọ̀pọ̀ tí a wó ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ́bàá ọ̀nà máa ń rò pé a fìyà jẹ àwọn ni. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni, nígbà mìíràn sì rèé, àìmọ̀ ni. Lẹ́bàá ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, ilẹ̀ tó tó mítà 45.72, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 150, láti agbedeméjì ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti ọ̀nà ni. Bí ènìyàn bá ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tí kì í ṣe ti olùtà ló rà.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ tí a ń lò lọ́nà òfin fún ànfààní gbogbo ènìyàn, owó tí ó ń san jù lọ wà lórí ilé àti ohun ọ̀gbìn tó wà lórí ilẹ̀ náà, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ òfìfo ń lọ lọ́jà. Nítorí náà, àgbẹ̀ tó ní kòkó lórí ilẹ̀ rẹ̀, tó sì ní ìwé tó péye lọ́wọ́, ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ ju ẹni tó kàn fi òkúta pààlà lọ. Ẹ̀yin alàgbà tí ẹ ń ra ilẹ̀ fún ilé ìjọsìn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidigidi.

Bí ọ̀nà bá yà ńkọ́?

Ní àtijọ́, ọjà Èjìnrìn létí ọ̀sà, nítòsí Ẹ̀pẹ́, jẹ́ ọjà ńlá tí àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Èkó ń ná, nítorí pé ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó ẹrù. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tó sì dé Òṣogbo ní 1907, tí ọ̀nà mọ́tò sì tẹ̀lé e, ẹrù gba ibòmíràn. Òṣogbo gbòòrò, Èjìnrìn sì rọ. Àwọn ará Èjìnrìn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà ló yà.

Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀nà etí òkun láti Èkó dé Calabar, tó tó nǹkan bí kìlómítà 700, tí a sì là á kalẹ̀ láti gba etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí ó bá parí, àwọn ọkọ̀ kan tó ń gba Òrè lónìí lè máà gba ibẹ̀ mọ́. A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà Oǹdó sí Òkìtìpupa yóò ṣì wà, oko yóò ṣì wà, ilé-iṣẹ́ yóò sì wà bí a bá tọ́jú wọn.

Nítorí náà, èsì wa fún àwọn tó ń bi wá léèrè nìyí. Ẹ má ta gbogbo oko nítorí ṣọ́ọ̀bù kan. Bí ẹ óò bá kọ́lé, ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ wọn ilẹ̀ náà kí ẹ tó sanwó. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́ tí ará ìlú nílò, kì í ṣe èyí tí èrò ọkọ̀ nìkan ń rà. Kí àwọn tó ń ṣàkóso ìlú sì rántí gọ́tà, omi mímu, ibùdókọ̀ tó létòlétò àti ilé ìwòsàn, nítorí ohun wọ̀nyí ló ń mú kí àlejò di ará ilé.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a fi ogún wa ra ohun tí kò ní bá wa kalẹ́. Àmín.