Bí Ọkọ̀ Bá Ń Gbọ̀n Lẹ́yìn Omíyalé

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó náwó sí i.

Bí omi bá dé ẹ́ńjìnnì, ẹ má sítáàtì rẹ̀ títí mẹkáníìkì yóò fi yọ pílọ́ọ̀gì wò, tí yóò sì wo ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó bá rí bíi tíì onímílíìkì ti po mọ́ omi. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá wá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tó ń gbọ̀n, tí pílọ́ọ̀gì sì funfun bí ẹfun, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì.

• Bó bá ń gbọ̀n lórí ìdúró, tó sì ń dára bí ẹ bá ti tẹná mọ́ ọn, ó jọ pé afẹ́fẹ́ ń jò wọlé. Ẹ wá rọ́bà tó là tàbí tó yọ, pàápàá èyí tí wọ́n tú nígbà tí wọ́n ń gbẹ ọkọ̀.

• Bó bá dára lórí ìdúró, ṣùgbọ́n tí kò lè gun òkè, ó jọ pé epo kò dé tó. Kí mẹkáníìkì fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò funfun. Bí omi bá wà níbẹ̀, yóò rì sísàlẹ̀. Kó fa gbogbo epo náà jáde, kó fọ táǹkì, kó sì pààrọ̀ fíltà epo. Ìta gbangba ni kó ti ṣe é, jìnnà sí iná àti sìgá.

Ẹ má fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ o: àìtó epo lè mú ẹ́ńjìnnì gbóná títí yóò fi bàjẹ́. Owó rọ́bà kò tó owó ẹ́ńjìnnì.

Ẹ mú ìwé yìí lọ bá mẹkáníìkì yín.