Òkò-balẹ̀: Orúkọ àti Ìdámọ̀ Òkúta tí ó ti Òfurufú Wá, pẹ̀lú Àfiyèsí sí Etí Òkun Ìlàjẹ

1. Ìfáárà

Ní etí òkun Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, yanrìn, ẹrẹ̀ àti omi ni ojú ń rí. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò bí òkúta. Bí ọmọdé bá fẹ́ sọ òkò sí ẹyẹ ní Ayétòrò, ìkarahun tàbí èkùrọ́ ni yóò wá kiri. Nítorí náà, bí òkúta kan bá jáde nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ìbéèrè ńlá ni ó mú wá: ta ni ó gbé e dé ibẹ̀?

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó fa iṣẹ́ yìí. Ní ìgbà kan tí mo lọ kí àwọn ẹbí ìyá mi ní Igbókọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pa ẹja, mú òkúta dúdú kan jáde láti inú àpótí. Àwọ̀n rẹ̀ ni ó wọ́ ọ jáde. Ó ní, ‘Ìwọ tí o ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé ní yunifásítì, kí ni à ń pe èyí? Àwọn kan ní ẹdùn àrá ni. Ọmọ mi ní inú ìràwọ̀ ni ó ti já bọ́.’ Mo ní, ‘Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àyè kí n wádìí rẹ̀ wá.’ Kì í ṣe òkúta náà nìkan ni n kò mọ̀; n kò ní orúkọ tí mo lè fi dá a lóhùn ní èdè tí àwa méjèèjì ń sọ.

Ohun méjì ni a óò ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Ìkínní, a óò wá orúkọ tí ó yẹ fún òkúta tí ó ti òfurufú bọ́ sí ilẹ̀ ayé. Ìkejì, a óò fi hàn bí ẹni tí kò ní ilé-ẹ̀rọ ìwádìí ṣe lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí òkúta mìíràn. Èrò wa ni pé iṣẹ́ méjèèjì kò ṣeé yà sọ́tọ̀: ohun tí a kò bá ní orúkọ fún, ó ṣòro láti ṣà á jọ.

2. Àwọn orúkọ tí ó wà nílẹ̀

2.1 Ẹdùn àrá. Èyí ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n ẹdùn àrá tí àwọn olùsìn Ṣàngó ń tọ́jú, tí àwọn àgbẹ̀ sì máa ń kàn nínú oko lẹ́yìn òjò, òkúta tí ọwọ́ ènìyàn ti ṣiṣẹ́ sí ni. Àwọn onímọ̀ nípa ohun ìgbà àtijọ́ gbà pé àáké tí àwọn ará ìgbà láéláé fi òkúta gbẹ́, kí a tó mọ irin lílò, ni wọ́n. Wọ́n dán, wọ́n sì ní ẹnu bí ti àáké. Ẹdùn àrá ti ní ààyè tirẹ̀ nínú ẹ̀sìn àti ìtàn wa. Bí a bá tún gbé e lé òkúta òfurufú lórí, a ó da nǹkan méjì tí ó níyì pọ̀ mọ́ra wọn.

2.2 Òkúta ọ̀run. Orúkọ yìí rọrùn láti pè, ṣùgbọ́n ‘ọ̀run’ ní èdè Yorùbá kì í ṣe ojú sánmọ̀ nìkan. Ibẹ̀ ni ibùgbé àwọn òkú àti àwọn irúnmọlẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ‘òkúta ọ̀run’ lè bẹ̀rẹ̀ sí i ṣe ètùtù nígbà tí ó yẹ kí ó wá òṣùwọ̀n.

2.3 Ọ̀rọ̀ àyálò. A lè yá a báyìí: mítíọ́ráìtì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú ìmọ̀ yìí: ọ̀kan fún òkúta náà nígbà tí ó ṣì ń rìn kiri ní òfurufú, ọ̀kan fún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó ń jóná nínú afẹ́fẹ́ wa, ọ̀kan fún èyí tí ó kù tí ó bọ́ sílẹ̀. Bí a bá yá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn yóò jọra wọn ní etí tó bẹ́ẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní rí ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ tí kò fi ìtumọ̀ ara rẹ̀ hàn kò ran ẹni tí ń kọ́ ìmọ̀ tuntun lọ́wọ́.

2.4 Ìràwọ̀ já. Èyí ni àwọn ènìyàn ń sọ nígbà tí wọ́n bá rí ìmọ́lẹ̀ tí ó kọjá fìrí lójú sánmọ̀ ní òru. Ó dára fún ìtàn àti ewì. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ kankan kò já: òkúta wẹ́wẹ́ ni ó ń jóná, tí òmíràn nínú wọn kò ju hóró yanrìn lọ.

3. Orúkọ tí a dábàá

Ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè wa tí ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí fún wa: òkò. Òkúta tí ó dùbúlẹ̀ kì í ṣe òkò. Ìgbà tí a bá jù ú ni ó di òkò. Ìrìn rẹ̀ ni ó fún un ní orúkọ. Ìrìn náà gan-an ni ó ya òkúta òfurufú sọ́tọ̀ sí òkúta ilẹ̀. Nítorí náà a dábàá àwọn wọ̀nyí:

(1) a. òkò sánmọ̀: òkúta tí ó ṣì wà lójú ọ̀nà ní òfurufú;
b. iná òkò: ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí nígbà tí òkò náà bá wọ inú afẹ́fẹ́ ayé, ní eré tí ó lé ní kìlómítà 11 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan;
d. òkò-balẹ̀: èyí tí kò jóná tán, tí ó sì bà sílẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé (1)d tẹ̀lé ìlànà ìsọdorúkọ tí ó wà nínú èdè: orúkọ àti àpólà ìṣe tí a so pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan. A sì lè fi oríṣi rẹ̀ kún un:

(2) a. òkò-balẹ̀ olókùúta;
b. òkò-balẹ̀ onírin;
d. òkò-balẹ̀ alábùlà, níbi tí irin àti òkúta ti dà pọ̀.

Olókùúta ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ojú rí nígbà tí wọ́n ń bọ́. Onírin kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá.

4. Àmì ìdámọ̀

4.1 Èèpo-iná. Nígbà tí òkò bá ń kọjá nínú afẹ́fẹ́, òde rẹ̀ yọ́, ó sì dì padà ní èèpo dúdú tí ó fẹ́lẹ́. Bí a bá rí ibi tí ó ti ha, inú rẹ̀ a máa mọ́ ju òde lọ. Inú kì í gbóná, nítorí àkókò tí iná fi bà á kò pẹ́. Ìtàn pé òkò-balẹ̀ máa ń jó koríko kì í sábà jẹ́ òtítọ́.

4.2 Ojú àtàǹpàkò. Ara àwọn kan ní ibi kóńkó-kòǹkò bí ìgbà tí ènìyàn fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ tútù. Ṣùgbọ́n ihò wẹ́wẹ́ bí ti búrẹ́dì tàbí ti kànìnkànìn kì í sí lára wọn. Ihò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ipa afẹ́fẹ́ tí ó hó nínú ohun tí ó yọ́, ìdàrọ́ ni ó sì sábà máa ń ní in, ìyẹn èérí irin tí ó kù sí ojú iná àwọn tí ń yọ́ irin.

4.3 Wóró. Bí a bá wo inú olókùúta púpọ̀, a ó rí wóró róbótó-róbótó bí ọkà bàbà nínú rẹ̀. Wọ́n ti dà báyìí láti nǹkan bí 4,500 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Kò sí òkúta ilẹ̀ ayé kan tí ó ní irú wóró yìí.

4.4 Òòfà. Irin wà nínú ọ̀pọ̀ òkò-balẹ̀, òòfà sì máa ń fà wọ́n. Kí a so òòfà kékeré mọ́ okùn, kí a sún un mọ́ òkúta, kí a wò ó bóyá yóò yẹ̀ sí i. A kò gbọdọ̀ lo òòfà alágbára, nítorí ó máa ń pa ìtàn tí òkúta náà ti tọ́jú nípa òòfà ìgbà ìwáṣẹ̀ rẹ́.

4.5 Ilà. Kí a fi òkúta náà ha ẹ̀yìn àwo amọ̀ funfun tí kò dán. Bí ó bá fa ilà pupa tàbí dúdú kirikiri, òkúta onírin ti ilẹ̀ ayé ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́. Òkò-balẹ̀ tí kò tí ì dípẹtà kì í fi ilà kan gbòógì sílẹ̀.

4.6 Ìwúwo àfiwé-omi. Kí a so òkúta mọ́ òṣùwọ̀n, kí a wọ̀n ọ́n nínú afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà kí a rì í bọ omi láìjẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀, kí a tún un wọ̀n. Kí a fi ìyàtọ̀ méjèèjì pín ìwúwo àkọ́kọ́. Bí àpẹẹrẹ, bí ó bá wọn gíráàmù 700 nínú afẹ́fẹ́ àti 500 nínú omi, ìyàtọ̀ jẹ́ 200, èsì sì jẹ́ 3.5. Òkúta akọ tí a fi ń kọ́lé jẹ́ nǹkan bí 2.7, olókùúta tí ó wọ́pọ̀ wà láàárín 3.3 sí 3.8, onírin sún mọ́ 8.

Àmì kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí. Níbi tí ìdánwò ilé bá parí sí ni ti ilé-ẹ̀rọ yóò ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá wíwá níkẹ́ẹ̀lì, nítorí pé irin òfurufú kì í ṣe aláìní níkẹ́ẹ̀lì.

5. Etí òkun Ìlàjẹ gẹ́gẹ́ bí ibi ìṣàjọ

Ní ọdún 1969, àwọn onímọ̀ ará Jàpáànù rí òkò-balẹ̀ 9 lórí yìnyín Antarctica. Láti ìgbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni a ti ṣà níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé orí yìnyín funfun kò ní òkúta tirẹ̀; èyí tí a bá rí, àlejò ni. Ìdí kan náà ni ó mú kí aṣálẹ̀ Sàhárà dára fún iṣẹ́ yìí.

Ilẹ̀ Ìlàjẹ pín nínú àǹfààní yìí ní ọ̀nà kan: òun pẹ̀lú kò ní òkúta. Ṣùgbọ́n ọ̀tá méjì wà níbẹ̀. Èkínní ni ẹrẹ̀, tí ó ń gbé ohun tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ mì. Èkejì ni iyọ̀. Irin inú òkò-balẹ̀ kì í bá iyọ̀ àti ọ̀rinrin gbé pọ̀. Ìpẹtà yóò jẹ ẹ́, títí tí òkúta náà yóò fi fọ́ wẹ́wẹ́. Òkun fúnra rẹ̀ kò dúró lójú kan: ó ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947. Nítorí náà, èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nìkan ni ìrètí wà fún.

Àlejò mìíràn sì pọ̀ tí kì í ṣe ti òfurufú. Ọkọ̀ ń kó òkúta akọ wá láti òkè fún títẹ́ ọ̀nà àti kíkọ́ ilé. Ọ̀dà dúdú tí ó dì ń bá omi òkun wá sí èbúté. Irú rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ ní Agbábù pẹ̀lú. Ìdàrọ́ àti àfọ́kù irin ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi kò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí ó bá mọ àwọn wọ̀nyí ní àmọ̀dájú ni yóò lè mọ èyí tí kì í ṣe wọn.

6. Àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ wa

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá, ọdún 1962, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ nínú oko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, ní agbègbè Katsina, nígbà tí òkúta kan dún gbàmù, tí ó sì bọ́ sí ìtòsí rẹ̀. Ó tó kìlógíráàmù 18. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi afẹ́fẹ́ tí ó há sínú rẹ̀ wé èyí tí ọkọ̀ òfurufú Viking wọ̀n lórí Mars ní ọdún 1976, tí wọ́n sì rí i pé ibẹ̀ ni ó ti wá. Òòfà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á, kò sì ní wóró. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé àmì kan kò tó ẹ̀rí.

Ti Gujba kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, ọdún 1984, òkò tí ó tó nǹkan bí kìlógíráàmù 100 bọ́ sí oko ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn ará abúlé fi òòlù fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀ ní gbogbo ayé. A kò lè dá àwọn ará abúlé lẹ́bi: ta ni ó ti sọ fún wọn, ní èdè wọn, ohun tí ó jẹ́?

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀, ìbúgbàù ńlá kan wáyé ní ẹ̀bá ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta, ọdún 2020. Ó wó ilé púpọ̀, ó sì dá kòtò ńlá sí ojú ọ̀nà. Ìjọba ní ọkọ̀ tí ó kó ohun abúgbàù ni ó gbiná. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní òkò sánmọ̀ ni. Àríyànjiyàn náà gbilẹ̀, àwọn onímọ̀ mìíràn sì tako èrò ti òkò. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kòtò nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Òkò tí ó bá balẹ̀ yóò fi àmì sílẹ̀: èèpo-iná, níkẹ́ẹ̀lì, tàbí ara òkúta tí ìlù líle ti yí padà. Ẹni tí ó bá ní òkò ni, kí ó fi òkò hàn wá.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ẹni tí ó bá rí òkúta tí ó fura sí, kí ó má ṣe fọ̀ ọ́, kí ó má ṣe fọ́ ọ. Kí ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó fi aṣọ mímọ́ wé e, kí ó kọ ibi àti ọjọ́ tí ó rí i sílẹ̀. Òkúta tí a kò mọ ibi tí a ti rí i ti sọ ìdajì ìtàn rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ní yunifásítì tí ó bá sún mọ́ ọn.

Àṣà àwọn onímọ̀ ni láti fi orúkọ ìlú tí a ti rí òkò-balẹ̀ pè é. Zagami, Gujba, Kabo, Geidam, Mayo Belwa àti Uwet ti di orúkọ tí a mọ̀ káàkiri àgbáyé nípa báyìí. Nínú àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí, kò sí ìlú Yorùbá kan. Bí ọ̀kan bá bọ́ sí Ugbó tàbí Màhìn lọ́la, tí apẹja sì mọ ohun tí ó rí, orúkọ ìlú rẹ̀ yóò wà nínú ìwé títí láé.

Mo padà sí Igbókọ̀dá pẹ̀lú òòfà àti òṣùwọ̀n. Òòfà fa òkúta Bàbá díẹ̀, èsì ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ 3.0. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yí i padà sí oòrùn, ihò wẹ́wẹ́ kún ìdí rẹ̀. Ìdàrọ́ ni. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é nígbà náà. Ọ̀nà wo wá ni èyí tí kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ń gbà rí?’ Mo sọ ọ́ fún un láti orí èèpo-iná dé orí wóró, n kò sì fi èdè mìíràn bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ń lọ, mo gbọ́ tí ó ń pe ọmọ rẹ̀: ‘Bí o bá rí òkò-balẹ̀ nínú àwọ̀n, má ṣe sọ ọ́ sómi o.’